Bí Ẹ Ó Ṣe Bá Olùrà Tí Ìwà Rẹ̀ Kò Yéni Lò Nígbà Tí Ẹ Bá Ń Ta Ilé

Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ ta ilé, yálà ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Ìkòròdú tàbí ní Ṣàgámù, kò ní í pẹ́ rí i pé àwọn tó ń wá wò ó kì í hùwà bí ẹni tó wá ra nǹkan mìíràn. Ọ̀kan á kan géètì ní aago mẹ́fà ìdájí láìsọ tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀. Òmíràn á mú wòlíì tàbí ààfáà dání, wọn á sì máa wọ́n omi sí igun ilé. Òmíràn á gbà pé òun yóò san iye kan, ẹ ó bọ ara yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsanwó á ní owó tó wà lọ́wọ́ òun fi mílíọ̀nù mẹ́rin dín. Òmíràn tilẹ̀ wà tí kò tíì san kọ́bọ̀, tó ti ń sọ fún àwọn àyálégbé pé òun ni lándílọ́ọ̀dù tuntun.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí nítorí pé mo rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ilé ló ń fi ọwọ́ kan náà mú gbogbo ìwà wọ̀nyí. Wọ́n ń bínú sí olùrà tí ẹ̀rù ń bà, wọ́n sì ń rọ́jú fún olùrà tó ń tàn wọ́n nítorí pé ẹnu onítọ̀hún dùn. Àárín ìbẹ̀rù àti ẹ̀tàn ni iṣẹ́ wà. Ìwà tí ìbẹ̀rù bá fà, ìwé àti àlàyé ni a fi ń dá a lóhùn. Ìwà tí ẹ̀tàn bá fà, kí ẹ kọ̀ ọ́, kí kíkọ̀ náà sì wà lákọsílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ro ibi tí olùrà ti ń bọ̀. Kò sí ìlú ńlá kan nílẹ̀ wa tí ẹ ó rìn já tí ẹ kò ní í rí ilé tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ara ògiri rẹ̀ pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí ará ìlú ṣọ́ra fún oní-419. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó rí. Àbúrò kan ti fẹ́ ta ilé bàbá láìjẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n gbọ́, tàbí àyálégbé kan ti gba owó lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni lórí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ nígbà tí onílé wà lókè òkun, tàbí ọmọ onílẹ̀ ti ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ẹni mẹ́ta. Olùrà tó dé ọ̀dọ̀ yín ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, owó tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ló sì gbé dání. Bí ó bá béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má ṣe kà á sí àrífín.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá wo ilé

Ìdajì ìwàkíwà tí olùrà ń hù ló máa ń wọlẹ̀ bí ìwé bá pé. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkóso gómìnà, abala 22 nínú òfin náà sì sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ lábẹ́ ìwé gómìnà kò lè gbé e fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Nítorí náà ni olùrà ṣe ń béèrè C of O (ìwé ẹ̀rí tí gómìnà fi ń fún ni ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀), ìwé ìyọ̀ǹda gómìnà bí ilé náà bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, ìwé sọ́fè tó fi ààlà ilẹ̀ hàn, àgírímẹ́ǹtì tí ẹ fi ra ilẹ̀, àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú fáìlì kan, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ sì gbé e lọ bá lọ́yà tí yóò dúró fún yín. Bí ó bá jẹ́ rìsíìtì tí ìdílé tó ta ilẹ̀ fún yín kọ nìkan lẹ ní, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Olùrà tó bá bá yín lọ lẹ́yìn tó ti mọ̀ ọ́n kò ní lè fi í ṣe àwáwí lẹ́yìn oṣù méjì.

Ilé tí òbí fi sílẹ̀ nílò ìtọ́jú ju èyí lọ. Olùrà tó bá ní àfi kí gbogbo ọmọ olóògbé fọwọ́ sí ìwé kì í ṣe aláṣejù, òfin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá ta ilé ìdílé láìgba ohùn àwọn àgbà tó ṣojú fún ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, àwọn yẹn lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n sì fagi lé títà náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ ẹbí kan ló tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò fìdí múlẹ̀ rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó dá iye lé e, ẹ pe ìpàdé ẹbí, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹnu kò sí sílẹ̀, kí ẹ sì pinnu bóyá ìdí-igi (ìpín kan fún ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan) tàbí orí-ò-jorí (ìpín kan náà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan) lẹ ó fi pín owó náà. Olùrà tó bá gbọ́ pé ẹbí kò tíì fẹnu kò á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, ilé tó pa pọ̀ á sì tú.

Ìwà tó ń múni bínú ṣùgbọ́n tó ní ìdí

Ní oṣù Keje, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan, olùrà lè pè yín pé òun wà lẹ́nu géètì. Omi ló ń wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàrá ń wọ ọgbà, bóyá mọ́tò kékeré lè la títì náà kọjá, bóyá sókàwè ń kún padà sínú ilé. Olùrà kan náà lè padà wá ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ láti gbọ́ ariwo ilé ìjọsìn, ilé ọtí tàbí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ẹ ṣí géètì fún un bí ó bá ti ṣeé ṣe. Ilé tó gbẹ nígbà òjò ti ta ara rẹ̀, ilé tí omi ń wọ̀ náà sì ní iye tó yẹ ẹ́, kò sì sí bí ẹ ó ṣe fi pamọ́ tí àdúgbò kò ní í sọ.

Mo wà níbi tí ìyá kan ti wá wo ilé oníyàrá mẹ́rin. Àwòrán tí ajẹ́ntì ń fi hàn án nínú fóònù kò mú un lójú rárá. Ó lọ tààrà sí abẹ́ fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, ó fi èékánná àtàǹpàkò họ ògiri, ọ̀dà náà sì bó wẹ́rẹ́ bí èèpo ẹyin tí a sè, sìmẹ́ǹtì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì tutù. Ó fa kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ yọ, ó ń fi kan táìlì ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí i, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èyí tí abẹ́ rẹ̀ bá ṣófo. Inú ń bí onílé, ó sì fẹ́ ní kí ó máa lọ. Lójú tèmi, irú olùrà bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ fún ní àga àti omi tútù, nítorí pé ẹni tí kò ní í rà kì í ṣe ara rẹ̀ ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí onílé ti ṣe ṣáájú ni pé kó wá ibi tí ọ̀rinrin náà ti ń wá, kó tún un ṣe, tàbí kó yọ iye àtúnṣe rẹ̀ kúrò nínú owó ilé. Fífi ọ̀dà tuntun bò ó ló ń sọ olùrà tó ní sùúrù di ọ̀tá.

Ẹ yan ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ fún wíwo ilé, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ajẹ́ntì mọ̀ ọ́n. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó bá wá sí, pẹ̀lú orúkọ ajẹ́ntì tó mú un wá, nítorí pé ìwé yìí ni yóò yanjú ìjà owó ajẹ́ntì bí ẹni méjì bá sọ pé àwọn ló mú olùrà kan náà wá. Kí ẹnì kan nínú ilé máa tẹ̀lé wọn láti yàrá dé yàrá. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tàbí àyálégbé dá olùrà lóhùn lórí owó.

Ní ti àdúrà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á. Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní í san owó ilé láìfi lọ Ọlọ́run, ẹni tó bá sì dúró láàárín pálọ̀ tó ń ṣe àdúà kò ba nǹkan kan jẹ́. Ibi tí mo ti ń fa ìlà ni ilẹ̀ wíwa. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àwọn rí ohun kan nínú ìran, pé a sin nǹkan sábẹ́ igi máńgòrò tàbí sẹ́nu ọ̀nà, wọn á sì fẹ́ wa á kí wọ́n tó dá iye. Ẹ má gbà. Kí wọ́n má wa ilẹ̀, kí wọ́n má da epo sílẹ̀, kí wọ́n má sì sin ohunkóhun títí tí owó á fi pé. Bí wọn kò bá rà á mọ́, àwọn aládùúgbò tó rí wọn níbi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ kò ní í gbàgbé, olùrà tó bá dé lẹ́yìn wọn á sì gbọ́ ìtàn náà kó tó dé géètì yín.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń dun onílé gan-an, ìyẹn ni ìbéèrè nípa sàréè. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, inú ọgbà tàbí ìyẹ̀wù ni a sin bàbá tàbí ìyá sí. Olùrà á dé, á rí òkúta mábù tí a fi bo sàréè lẹ́yìn ilé, á sì ní kí ẹ hú òkú náà kúrò kí òun tó san kọ́bọ̀, ó sì lè sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa pàǹtírí. Ẹ gba ara yín níyànjú, ẹ má bá a jà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kó bá yín lójijì. Kí ẹbí ti jókòó lé e lórí ṣáájú, kí wọ́n sì mú ọ̀nà kan: ẹ lè ní kí sọ́fíyọ̀ gé ibi tí sàréè wà kúrò nínú ìwé sọ́fè, kí ó jẹ́ ti ẹbí pẹ̀lú ọ̀nà tí wọn á máa gbà débẹ̀, ẹ lè fi sínú àgírímẹ́ǹtì pé olùrà kò ní í wó o, pé ẹbí yóò sì ní ànfààní láti wá síbẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá dá, tàbí kí ẹ gbé òkú náà lọ sí itẹ́ ìsìnkú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, tí gbogbo ọmọ sì ti fọwọ́ sí i. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ sọ ọ́ fún olùrà nígbà àkọ́kọ́ tó bá wá. Olùrà tó bá ṣàwárí sàréè fúnra rẹ̀ á máa rò pé nǹkan mìíràn wà tí ẹ tún fi pamọ́.

Ìwé ilé kì í kúrò lọ́wọ́ yín

Láti ibí lọ ni a ti ń wọ agbègbè ẹ̀tàn. Olùrà kan lè sọ pé lọ́yà òun, tàbí báńkì òun, tàbí ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba, fẹ́ rí ojúlówó C of O yín kí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí àyẹ̀wò kankan tó nílò kí ojúlówó ìwé sùn sí ilé ẹlòmíràn. Ẹ̀dà ni wọ́n ń gbé lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, ní Alausa fún ìpínlẹ̀ Èkó, ní Sẹkitéríàtì Agodi fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní Òkè-Mosàn fún ìpínlẹ̀ Ògùn, nọ́ńbà ìwé àti ojú ewé tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí ni wọ́n sì fi ń wá a. Ẹ̀dà ìwé sọ́fè náà ni wọ́n ń gbé lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ọ̀gá àgbà àwọn sọ́fíyọ̀ ìjọba, láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà.

Ẹ kọ gbólóhùn kan gba ojú ewé kọ̀ọ̀kan ẹ̀dà náà kọjá pé fún àyẹ̀wò nìkan ni, kí orúkọ olùrà àti ọjọ́ sì wà níbẹ̀. Bí ó bá tẹnu mọ́ ọn pé òun gbọ́dọ̀ fojú rí ojúlówó, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ẹ ní kí ó wá sí ọ́fíìsì lọ́yà yín kí ó wò ó lórí tábìlì, kí ẹ sì gbà á padà kí ó tó dìde. Ẹni tó ń bẹ̀rù á wá, á wò ó, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Ẹni tó ní nǹkan mìíràn lọ́kàn á bínú, á ní ẹ kò fọkàn tán òun, ẹ kò sì ní í tún gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Olùrà tó ń yí iye padà

Ká ní ẹ ti fẹnu kò sí 45,000,000 náírà. Ní ọjọ́ ìsanwó, lọ́yà ti tẹ ìwé, àwọn ẹlẹ́rìí ti jókòó, olùrà á wá tú ìdí ọ̀rọ̀: páànù ti pẹ́, kànga kò jìn, ìyàwó òun kò fẹ́ràn ilé ìdáná, 41,000,000 náírà ni òun mú wá. Ó mọ̀ pé ẹ ti fi ọkàn sí owó náà, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ lẹ́nu ajẹ́ntì pé ẹ fẹ́ fi san owó ìtọ́jú tàbí owó ilé ìwé. Nígbà mìíràn á mú àgbàlagbà kan dání tí yóò máa dọ̀bálẹ̀ fún yín, kí ojú lè tì yín láti kọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí iye àdéhùn wà nínú lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olùrà kọ iye tó fẹ́ san àti ọjọ́ tí yóò san án, kí lọ́yà yín dá a lóhùn pé ẹ gbà á fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí ó sì hàn nínú rẹ̀ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ìdúró, ìyẹn owó tí olùrà kọ́kọ́ san sílẹ̀ kí ẹ lè dá ilé náà dúró fún un, bí ọ̀kan nínú yín bá yẹ àdéhùn. Kí àyẹ̀wò ilé àti ti ìwé parí kí ẹ tó fọwọ́ sí lẹ́tà yìí. Bí olùrà bá rí àbùkù gidi nígbà náà, ẹ pe oníṣẹ́ kí ó dá iye lé e, kí ẹ sì yọ iye náà. Lẹ́yìn lẹ́tà, kò sí ìdúnàádúrà mọ́. Bí wọ́n bá tún gbé e dé ní ọjọ́ ìsanwó, ẹ rọra kó ìwé yín sínú fáìlì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà tó dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì dìde. Mo rọ̀ yín kí ẹ ṣe é láìjanpata. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni owó tó kù wà nínú fóònù wọn.

Kí iye tó kéré jù tí ẹ lè gbà wà lọ́kàn yín nìkan, kí ẹ má sọ ọ́ fún ajẹ́ntì. Ajẹ́ntì tó bá mọ̀ ọ́n lè sọ ọ́ fún olùrà kí ọjà lè tètè yá, tàbí kí ó bu tirẹ̀ lé e láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Nítorí èyí, ẹ jẹ́ kí ìdá tí ajẹ́ntì yóò gbà hàn nínú lẹ́tà, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì fi hàn kedere ẹni tí yóò san án. Olùrà tó bá wá bá yín níkọ̀kọ̀ pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn fo ajẹ́ntì tó mú òun wá, ń fi bí yóò ṣe ṣe ẹ̀yin náà hàn yín ni.

Ẹ̀bẹ̀ kan tún wà tó dà bí oore: kí ẹ kọ iye tó kéré sínú àgírímẹ́ǹtì kí owó ìjọba lè dínkù. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, owó ìyọ̀ǹda gómìnà àti àwọn owó tó bá a rìn jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba bá dá lé ilé náà, olùrà ló sì sábà máa ń san án. Ẹ kọ ẹ̀bẹ̀ yìí. Irọ́ ni fún ìjọba, bí ìjà bá sì dé lọ́la, iye tó wà nínú ìwé ni adájọ́ yóò kà, ẹ kò sì ní í lè fi ẹnu lásán gba èyí tó kù.

Owó kí ó tó di kọ́kọ́rọ́

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ má gbàgbé apá yìí. Ilé ẹjọ́ wa máa ń wo ẹni tó ti sanwó, tó gba rìsíìtì, tó sì ti wọlé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti ní ẹ̀tọ́ lórí ilé, kódà bí kò bá tíì gba àgírímẹ́ǹtì tó péye. Olùrà tó mọ èyí á san ìdajì, á sì máa bẹ̀bẹ̀ fún ohun kékeré: kí ẹ jẹ́ kí òun kó iyanrìn àti búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ òun máa sùn ní bọ́ìsì kúọ́tà kí olè má bàa jà, kí ẹ jẹ́ kí òun kun yàrá kan nítorí pé ìyàwó òun ń bọ̀ láti Kánádà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ìwọlé. Ẹni tó bá ti wọlé kò ní ìkánjú láti san ìdajì tó kù, ẹ̀yin lẹ ó wá máa wá lọ́yà tí yóò lé e jáde. Ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan pé apá kan owó ni, ẹ kọ iye tó kù, ẹ sì kọ ọ́ pé kò sí ìwọlé títí tí owó á fi pé.

Ẹ má gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní owó bébà. Òfin tó ń gbógun ti fífọ owó, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022, kò gbà kí ẹnì kan san tàbí gba ju 5,000,000 náírà lọ ní owó bébà láìgba inú báńkì. Ṣẹ́ẹ̀kì náà ní òdiwọ̀n, nítorí pé Báńkì Àpapọ̀ kò gbà kí ṣẹ́ẹ̀kì kan ju 10,000,000 náírà lọ, nítorí náà olùrà tó bá gbé ṣẹ́ẹ̀kì 40,000,000 lé yín lọ́wọ́ ń fi àkókò yín ṣòfò. Kí owó wá láti àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tí yóò wà nínú àgírímẹ́ǹtì. Bí ó bá wá láti àkáǹtì ẹlòmíràn tí ẹ kò mọ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ nínú lẹ́tà kí ẹ tó gbà á, nítorí pé owó jìbìtì tó bá wọ àkáǹtì yín lè mú kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa. Àlááàtì orí fóònù kì í ṣe owó. Ẹ lọ sí báńkì, tàbí kí ẹ pe òṣìṣẹ́ báńkì tí ẹ mọ̀, kí ẹ gbọ́ pé owó ti wọlé, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ẹ̀yin náà, ẹ má gba owó ìdúró lọ́wọ́ ẹni méjì. Bí olùrà àkọ́kọ́ bá ń fi ọjọ́ dá ọjọ́, kí lọ́yà yín kọ̀wé sí i pé àkókò ti tán, kí ẹ dá owó rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, kí ẹ tó gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ta ilé kan fún ẹni méjì ti wọ ẹ̀sùn jìbìtì, ì báà jẹ́ pé olùrà àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ hùwà tí kò dáa.

Àwọn àyálégbé, àti olùrà tó wà lókè òkun

Olùrà tó ní àfi kí ilé ṣófo kí oṣù tó parí ń béèrè ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín. Òfin Ìyálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé àyálégbé tó ń san owó ọdọọdún gbọ́dọ̀ gba ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín òun àti onílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà kò kan Apapa, GRA Ìkẹjà, Ikoyi àti Victoria Island. Ẹ fún olùrà ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn àyálégbé, iye tí wọ́n ń san àti ọjọ́ tí owó wọn á tán, kí ó mọ ohun tó ń rà. Kí ẹ sì sọ fún àwọn àyálégbé fúnra yín pé ẹ ń ta ilé, pé kí wọ́n má san owó fún ẹnikẹ́ni láìrí lẹ́tà yín, kí olùrà tó ń pe ara rẹ̀ ní lándílọ́ọ̀dù má bàa rí wọn gbá mú.

Ti olùrà tó wà ní London tàbí Houston yàtọ̀ díẹ̀. Á pè ní ọ̀gànjọ́ òru, á ní kí ẹ gbé fóònù yí ilé ká kí òun rí i, á sì tún rán àbúrò, àna àti ọ̀rẹ́ ilé ìwé wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì béèrè ohun kan náà. Ẹ ní sùúrù fún un, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ló ti fi owó rán ẹbí tẹ́lẹ̀ tí ilé kò sì dúró. Ohun tí ẹ ó dúró lé lórí ni pé kí ó fi ìwé yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún un, kí lọ́yà sì rí ìwé àṣẹ tó fún onítọ̀hún, kí orúkọ ẹni tó ni owó sì jẹ́ èyí tó wà nínú àgírímẹ́ǹtì. Bí àbúrò bá ní kí ẹ kọ orúkọ òun sí i, ẹ pe ẹ̀gbọ́n lójúkojú lórí fóònù kí ẹ tó gbé bíírò.

Lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ bá ti kúrò lọ́wọ́ yín

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fà á lé olùrà lọ́wọ́, ẹ jọ rìn yí ilé ká pẹ̀lú ìwé kan tí a kọ ohun tó wà níbẹ̀ sí: iye kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ tó ń fa omi, táǹkì, mítà iná àti gbèsè tó bá wà lórí rẹ̀. Ẹ jọ fọwọ́ sí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ mú olùrà náà lọ bá alága ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò, kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì san owó tí ẹ bá jẹ ẹgbẹ́ níwájú rẹ̀. Kí ẹ̀dà gbogbo ìwé títà náà wà lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ ọmọ yín kan.

Olùrà mìíràn á pè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé páànù ń jò, pé kí ẹ wá tún un ṣe tàbí kí ẹ dá owó padà. Bí ẹ bá mọ̀ nípa rẹ̀ tí ẹ sì fi pamọ́ fún un, ẹ pe lọ́yà yín kí ẹ sì bá a yanjú rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ nípa rẹ̀, tó sì wà nínú àgírímẹ́ǹtì pé ó ti yẹ ilé wò, ó sì gbà á bó ṣe rí, ẹ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú lẹ́tà tí ẹ̀dà ojú ewé náà wà nínú rẹ̀, ẹ fún un ní nọ́ńbà oníṣẹ́ páànù tí ẹ ń lò, kí ẹ sì ní kí ó máa bá lọ́yà yín sọ̀rọ̀ bí ó bá tún kù.